Oògùn gẹ̀gẹ̀, calcium àti tíì àárọ̀: èwo ni kí n kọ́kọ́ lò?

Ìyá Ìbejì, Mararaba
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo oògùn gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n ń pè ní levothyroxine, 100 mcg, ẹyọ kan lójúmọ́, mo sì máa lò ó títí ayé. Wọ́n fi calcium kún un. Aago 4 ààbọ̀ ni mo ń jí, torí bí mi ò bá tíì wọ mọ́tò ní aago 5 ààbọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya á dá mi dúró títí. Ìgbà tí mo bá ń jáde ni mo máa ń kó méjèèjì sẹ́nu, màá fi tíì oní-mílíìkì sìn ín lọ. Tí mo bá dé Wuse, màá ra àwàrà jẹ. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ò kúrò lára mi, òtútù ń mú mi níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń làágùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní TSH mi, àmì tó máa ń ga bí oògùn yìí ò bá tó lára, ṣì ga, dókítà sì fẹ́ fi kún oògùn. Mi ò pa á jẹ rí! Ṣé àkókò tí mo ń lò ó ni?

Apòògùn Kàdúná
Ẹ kú ìfaradà, mà. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Calcium máa ń so mọ́ oògùn yẹn nínú ìfun, kò ní jẹ́ kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Wákàtí 4 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron náà ńkọ́? Bákan náà ni. Bí ẹ bá ti jí ní aago 4 ààbọ̀, ẹ fi omi lásán gbé levothyroxine mì, kí ẹ wá wẹ̀, kí ẹ múra fún àwọn ọmọ; tíì di aago 5 ààbọ̀. Ẹ̀wà sóyà ni àwàrà, òun náà máa ń dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán. Ẹ lo calcium pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, torí iṣẹ́ abẹ yẹn lè mú kó dínkù lára, ètè àti ìka á wá máa rinni.

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ gbogbo èyí fún dókítà kó tó fi kún un. Bí oògùn bá pọ̀ sí i lásìkò kan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa, ó lè pọ̀ jù, àyà á máa lù kìkì.

Alhaja Kubwa
Ìyá Ìbejì, alẹ́ ni èmi ń lo tèmi, dókítà mi ló fọwọ́ sí i. Mo jẹ túwó tán ní aago 7, mi ò fẹnu kan nǹkan mọ́, aago 10 ni mo gbé e mì, mo sùn. Metformin mi, oògùn àtọ̀gbẹ, ló yàtọ̀, àárín oúnjẹ ni mo ń lò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú á máa run mí.

Ìyá Ìbejì, Mararaba
Ẹ ṣeun gan-an, ara tù mí. Mo ti gbé omi àti oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, calcium ti wà nínú báàgì. Ọjọ́ Ajé ni màá pe dókítà. Ìgbà wo ni kí n tún ṣe àyẹ̀wò?

Apòògùn Kàdúná
Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn tí ẹ bá yí àkókò padà, mà. Kò ní tètè hàn nínú ẹ̀jẹ̀.