Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èwo nínú àwọn èròjà ilẹ̀ òkèèrè yìí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Aláàsè Tuntun
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìwé ìdáná tí mò ń lò kó oúnjẹ Jàpáánì, Íńdíà, Tùnísíà àti Mẹ́síkò pọ̀, àwọn orúkọ inú rẹ̀ sì ń dàrú mọ́ mi lójú: miso, tahini, ghee, harissa, masa. Mi ò lè ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, èwo sì ni nǹkan mìíràn lè dípò rẹ̀?

Ìyá Bọ́lá
O káre, ọmọ mi. Iṣẹ́ tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìkòkò ni kí o máa béèrè. Ṣé iyọ̀ ló ń mú wá ni, àbí ọ̀rá, àbí ata? Tí o bá ti mọ ìyẹn, wàá mọ ohun tó lè dípò rẹ̀.

Miso ni màá ní kí o kọ́kọ́ rà. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n sè, tí wọ́n gún, tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ àti koji, ìyẹn ìrẹsì tàbí bálì tí wọ́n jẹ́ kí èbu kan hù sí lára. Wọ́n á wá gbé e pamọ́ kó kan, ó lè tó oṣù díẹ̀, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Èyí tó funfun máa ń dùn díẹ̀; èyí tó pupa ti pẹ́ jù ú lọ, iyọ̀ rẹ̀ sì máa ń mú lẹ́nu. Má sè é hó o! Sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ tán, bu omi rẹ̀ díẹ̀ sínú abọ́, fi po miso náà títí kò fi ní kókó mọ́, kí o wá dà á sínú ìkòkò. Bó bá pẹ́ lórí iná, òórùn dídùn rẹ̀ á lọ.

Aláàsè Tuntun
Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí mi ò bá rí miso ńkọ́, ṣé soy sauce, ìyẹn omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, kò lè dípò rẹ̀?

Ìyá Bọ́lá
Ó lè dípò iyọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mú ọbẹ̀ ki. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa kán an sí i, kí o sì máa tọ́ ọ wò.

Bàbá Tósìn
Ghee, ìyẹn bọ́tà yíyọ́ tí wọ́n sẹ́, lèmi máa fi ṣáájú, nítorí o lè ṣe é fúnra rẹ. Gbé bọ́tà tí kò níyọ̀ sórí iná jẹ́jẹ́. Á kọ́kọ́ hó kùṣùkùṣù, omi inú rẹ̀ á máa ta. Nígbà tí ariwo yẹn bá rọlẹ̀, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, tó ń ta sánsán, sọ ọ́ kalẹ̀, kí o fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Omi àti wàrà tó ń jẹ́ kí bọ́tà tètè bàjẹ́ ti lọ nìyẹn. Ó sì lè fara da iná ju bọ́tà lọ.

Ọmọ Ìdáná
Masa ti Mẹ́síkò, ìyẹn àgbàdo lílọ̀, kì í ṣe másà ilẹ̀ Haúsá, ni kí o ṣọ́ra fún. Ìyẹ̀fun àgbàdo lásán kò lè dípò rẹ̀ rárá. Inú omi tí wọ́n po calcium hydroxide (ẹfun kan báyìí) sí ni wọ́n ti ń se àgbàdo rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á ṣàn án kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra tí a bá fẹ́ fi ṣe tortilla, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ Mẹ́síkò, òun náà ló ń tú niacin (fítámì B3) inú àgbàdo sílẹ̀ fún ara. Nígbà tí àgbàdo dé Yúróòpù láìsí ọgbọ́n yìí, àrùn pellagra, tí àìtó niacin ń fà, bá ọ̀pọ̀ tálákà tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ jà. Masa harina, ìyẹn ìyẹ̀fun masa gbígbẹ, ni kí o wá lára páálí.

Àdùkẹ́
Ẹ jẹ́ ká máa wo ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé náà pẹ̀lú. Cornflour inú ìwé Bírítéènì ni cornstarch inú ìwé Amẹ́ríkà, ìyẹn sítáàṣì àgbàdo. Cilantro ti Amẹ́ríkà, ewé coriander náà ni.

Ní ti harissa, ata gbígbẹ tí wọ́n rẹ sómi ni, tí wọ́n lọ̀ mọ́ ayù, hóró caraway (èròjà olóòórùn kan), hóró coriander, iyọ̀ àti òróró ólífì. Lọ́dún 2022 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi harissa Tùnísíà sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá rẹ̀. Tí o bá ní ọlọ, ṣe é fúnra rẹ, kí o da òróró bo orí rẹ̀ nínú ìgò.

Ìyá Bọ́lá
Ó ku tahini, ìyẹn yànmọ̀tí lílọ̀. Òróró rẹ̀ máa ń léfòó, rò ó dénú ìsàlẹ̀ ìgò kí o tó bù ú. Kí o tó gbé e fún àlejò, béèrè bóyá yànmọ̀tí máa ń bá ara rẹ̀ jà, nítorí ó wà nínú hummus (ẹ̀wà chickpea lílọ̀), ó sì wà nínú halva (ìpápánu dídùn kan), ojú lásán ò sì lè rí i níbẹ̀.