Ṣé kí n ra dáyámọ́ńdì tí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará mi. Mo fẹ́ ra òrùka fún àfẹ́sọ́nà mi, ọ̀rọ̀ òkúta orí rẹ̀ ló wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní Hatton Garden, àdúgbò àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀n, ni mo ti rí i. Búlúù ni, ó jinlẹ̀ bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára àdìrẹ. Bí mo ṣe gbé e sún mọ́ fèrèsé, ńṣe ló ń kọ mànà. Ẹni tó ń tà á ò fi bò: ó ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wa òkúta náà, àmọ́ ìtànṣán alágbára ni wọ́n fi yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ìwé ẹ̀rí GIA, ìyẹn àjọ tó ń yẹ òkúta iyebíye wò, tó fi hàn mí sọ bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó jẹ́ búlúù látọ̀run wá, apá mi ò ká a rárá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni iná alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ní bí iná bá kan òkúta náà nígbà tí wọ́n bá ń tún òrùka ṣe, àwọ̀ rẹ̀ lè yí. Òrùka tí èèyàn máa wọ̀ títí ayé, ó dájú pé á dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọ̀ rẹ̀ ṣì dúró? Àbí kí n kúkú ra funfun kékeré tí wọn ò fọwọ́ kàn? Mi ò tíì sọ fún àfẹ́sọ́nà mi pé wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó sanwó.