Ọta ìbọn ṣì wà lórí àbúrò ọkọ mi, dókítà ní àwọn ò ní yọ ọ́

Ìyá Mofẹ́, Kubwa: Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọdẹ kan yìnbọn lóko ní Kwali, ọta bá àbúrò ọkọ mi lórí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbádùn. Èmi ni mò ń se oúnjẹ, èmi ni mò ń fọṣọ, owó ìsọ̀ mi ti wọ ilé ìwòsàn tán. Ìyá ọkọ mi ń pè láti Ọ̀fà ní gbogbo ìgbà pé kí ló dé tá a fi irin sílẹ̀ lórí ọmọ òun, àfi bíi pé èmi ni mo yìnbọn. Dókítà gbé fíìmù CT, àwòrán inú orí tí ẹ̀rọ yà, sókè sí iná: ibi tí ọta wà funfun báláú, ìlà funfun ń yọ yí i ká. Wọ́n fọ egbò, wọ́n rán an, wọ́n ní èyí tó wọlé jìn, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣé wọn ò mọ iṣẹ́ ni? Ẹnì kan ní ká lọ ṣe MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya inú ara, pé ìyẹn ló ń ríran jù. Ọ̀la la fẹ́ lọ.

Baba Ìbejì: Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ gbé e lọ Íńdíà. Kíndìnrín ló gbé ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀, ara rẹ̀ sì dá.

Rádíógíráfà Gwarinpa: Ìyá Mofẹ́, ẹ má gbé e lọ síbi MRI o! Òòfà ńlá ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, kì í sì í sùn, bí wọn ò tiẹ̀ ya ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí ọta náà bá jẹ́ òjé, òòfà ò ní fà á. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà làwọn ọdẹ ń lò, àfọ́kù irin ni wọ́n sì máa ń kì sínú ẹ̀. Irin lè yí nínú ọpọlọ, kó ya iṣan ẹ̀jẹ̀. CT ni ti ẹni tí irin wà lórí ẹ̀.

Alhaji Ìlọrin: Ẹ ń bẹ̀rù jù. Bàbá mi gbé ọta sẹ́sẹ̀ láti ìgbà ogun Biafra títí ó fi kú.

Rádíógíráfà Gwarinpa: Alhaji, ẹsẹ̀ kọ́ ni orí.

Alhaji Ìlọrin: Kí ni mo wá sọ? Dókítà náà ṣáà ní kó máa gbé e kiri.

Nọ́ọ̀sì Lugbe: Dókítà ò ṣèèṣì. Tí wọ́n bá ń wá ọta tó jìn, wọ́n á la ibi tó dáa kọjá, ó lè di arọ tàbí odi. Èyí tó wà lókè, tàbí tó ń rìn, tàbí tó ń kẹ̀, ni wọ́n máa ń yọ. Ìyá Mofẹ́, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì? Ṣé ibà ń mú un? Oògùn wo ló ń lò?

Ìyá Mofẹ́, Kubwa: Ìmọ̀ràn ni mo bèèrè, ẹ ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ó gba abẹ́rẹ́. Oògùn tí wọ́n fún un torí wárápá, oorun ló ń kùn ún ṣáá, kò lè jẹun, la bá dá a dúró. Èèyàn tí wárápá ò gbé rí! Àgbo ni ìyá ọkọ mi fi ránṣẹ́. Kò sóhun tó ń ṣe é mọ́ ju orí fífọ́ àti kátà lọ. Ọyẹ́ yìí ló fà á. Tó bá ti tẹ̀ ba, omi á máa kán nímú ọ̀tún, ó ní ó níyọ̀ lọ́fun òun.

Màmá Ìdáyọ̀: Àgbo kẹ̀? Ẹ̀yin obìnrin yìí!

Nọ́ọ̀sì Lugbe: Ẹ dúró ná. Imú ọ̀tún nìkan? Ṣé ó mọ́ gaara?

Ìyá Mofẹ́, Kubwa: Ó mọ́. Kò ki bí ikun.

Nọ́ọ̀sì Lugbe: Ó lè má jẹ́ kátà rárá o. Omi tó yí ọpọlọ ká ló lè máa jò yẹn. Ibi tó gbà jáde ni kòkòrò lè gbà wọlé, kó di yírùnyírùn. Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà yín, tàbí National Hospital, lálẹ́ yìí. Kó má fọn imú, ẹ má ki nǹkan sí i. Ẹ jẹ́ kí orí ẹ̀ ga díẹ̀. Ní ti wárápá, nínú àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n gbọgbẹ́ báyìí lórí lógun Vietnam, ó lé ní ìdajì tó gbé láàárín ọdún 15. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ oògùn náà.

Rádíógíráfà Gwarinpa: Ẹ mú díìsìkì CT dání, wọ́n á fi wò ó bóyá ọta ti rìn.

Ìyá Mofẹ́, Kubwa: Fíìmù nìkan ni wọ́n fún wa. Ọkọ mi ti lọ gbé mọ́tò. Ṣé ká fún un lóògùn yẹn ká tó lọ?

Nọ́ọ̀sì Lugbe: Ẹ kó páálí oògùn àti àgbo náà dání, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dá a dúró. Dókítà ló máa sọ bó ṣe máa padà sí i. Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá débẹ̀.