Èdè méjì tàbí èdè méjèèjì? Lórí àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba Kánádà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìwé ìlànà kan lórí bí wọ́n ṣe ń gbé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lárugẹ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Kánádà ni mò ń túmọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì dá mi dúró. Èdè tí òfin wọn gbà, mo pè é ní "èdè ìjọba". Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ méjèèjì di "agbédèméjì", ipò iṣẹ́ tó béèrè méjèèjì di "ipò elédèméjì". Ipò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èdè náà kí wọ́n tó yàn án síbẹ̀, mo pè é ní "ipò kàn-ń-pá". Ṣùgbọ́n kíkí tí òṣìṣẹ́ ń kí ará ìlú ní "Hello, bonjour", kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé èyí tó bá wu òun lòun lè sọ, n kò rí orúkọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò.

*

Ẹ ṣeun tí ẹ kó wọn wá kí ìwé náà tó jáde. "Èdè ìjọba" ni kí a kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa ṣi òǹkàwé lọ́nà jù. Ìjọba wo? Faransé nìkan ni ìpínlẹ̀ Quebec gbà. New Brunswick nìkan ni ìpínlẹ̀ tó gba Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pọ̀. Ní Nunavut, èdè àwọn Inuit, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, wà pẹ̀lú méjèèjì. Èdè 11 ni Northwest Territories gbà. Ìjọba ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn èyí, òfin èdè ti 1969, tí ti 1988 rọ́pò, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, de àwọn mìíràn tí kì í ṣe ìjọba rárá. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada ti di ti aládàáni tipẹ́, òfin náà kò tú u sílẹ̀. Ta ló máa ka "èdè ìjọba" tí ọkàn rẹ̀ máa lọ sínú ọkọ̀ òfuurufú?

Àwọn kan á ní kí a lo "èdè àlòṣiṣẹ́". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti nílò rẹ̀. Apá Kẹrin òfin náà sọ nípa èdè tí wọ́n fi ń dá ará ìlú lóhùn. Apá Karùn-ún sọ nípa èdè tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́: èyí tí ọ̀gá fi ń darí rẹ̀, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tó lè fi sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ẹ̀tọ́ ti Apá Karùn-ún yìí kò sì sí káàkiri. Ó wà ní Ottawa àti agbègbè rẹ̀, ní New Brunswick, ní Montreal, àti ní apá kan Ontario àti Quebec. Bí apá méjèèjì bá forí gbárí, Apá Kẹrin ló lékè: òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá ará ìlú lóhùn ní èdè méjèèjì kò lè sọ pé Faransé lòun yàn láti fi ṣiṣẹ́, kó wá kọ ẹni tó bá Gẹ̀ẹ́sì wá. Ẹ ò rí i pé èdè ti Apá Karùn-ún gan-an ni "èdè àlòṣiṣẹ́"? Bí a bá ti fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo èdè tí òfin gbà, gbólóhùn tó sọ pé Apá Kẹrin lékè Apá Karùn-ún kò ní í ṣeé túmọ̀ mọ́. "Èdè àfàṣẹsí" ni mo fara mọ́ fún èyí tí òfin gbà.

Ẹ sọ "kàn-ń-pá" nù. Oríṣi ipò méjì ló wà, méjèèjì ni èdè sì pọn dandan fún. Àkókò ló yà wọ́n. Ní ti àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí ìdánwò èdè gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó yan ènìyàn. Ní ti èkejì, wọ́n lè yàn án kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa kọ́ ọ, ọdún 2 ni wọ́n sì sábà máa ń fún un. Bí a bá pe ti àkọ́kọ́ ní kàn-ń-pá, òǹkàwé á gbà pé bó bá wuni là ń kọ́ ti èkejì, ọ̀nà ẹjọ́ nìyẹn. Mo dábàá "ipò àkọ́wọlé" fún èyí tí a ti kọ́ kí a tó wọlé, àti "ipò àwọlékọ́" fún èyí tí a wọlé ká tó kọ́. Lẹ́tà kan náà ni, a kàn tò wọ́n yàtọ̀ síra ni.

Ìwé náà kò ní í ṣàìní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta bíi BBB àti CBC nínú, èyí tí wọ́n fi ń sọ ìpele tí ènìyàn dé nínú ìdánwò èdè. Ẹ má túmọ̀ wọn, ẹ ṣàlàyé wọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ti kíkà, èkejì ni ti kíkọ, ẹ̀kẹta ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. CBC, nígbà náà, ni C ní kíkà, B ní kíkọ, C ní ọ̀rọ̀ ẹnu (kì í ṣe iléeṣẹ́ rédíò wọn o). Ibi tí atúmọ̀ ti ń ṣubú ni pé ó máa ń ro A sí èyí tó ga jù bíi ti iléèwé. Níbí, A ni ìsàlẹ̀, C ni òkè; E sì ga jù ú lọ, torí ẹni tó gba E kò ní í ṣèdánwò ẹ̀ka yẹn mọ́. Ẹni tó bá kọ "ìpele kìn-ín-ní" sí A ti yí gbogbo tábìlì náà dorí kodò. Ọdún 5 ni èsì ìdánwò ń lò, ẹni tó ń lọ sí ipò mìíràn lèyí sì máa ń ká mọ́. Láti 20 Oṣù Kẹfà 2025, ẹni tí wọ́n bá yàn tuntun láti máa darí òṣìṣẹ́ ní agbègbè tí Apá Karùn-ún dé, tí ipò rẹ̀ sì béèrè èdè méjèèjì, kò gbọdọ̀ kéré sí CBC. BBB ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ti "Hello, bonjour" kò le. Òfin fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi èdè méjèèjì síwájú ará ìlú ṣáájú kó tó béèrè, torí ẹni tí wọ́n bá kí ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan á rọra máa bá Gẹ̀ẹ́sì lọ, kó má baà dà bí oníwàhálà. Yorùbá ti ní "fi nǹkan lọ̀ ẹni". Ẹni tó fi lọni kò dúró de ìbéèrè. "Ìfèdèlọ̀", ó tán. Àkọlé ara ògiri ní èdè méjèèjì wà lára ìfèdèlọ̀, ohùn tó ń dáhùn lórí tẹlifóònù náà wà níbẹ̀. Ohun tí kì í jẹ́ ìfèdèlọ̀ ni kíkíni ní èdè méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má sì sí lẹ́yìn tábìlì tó lè bá a lọ ní Faransé.

"Agbédèméjì" àti "ipò elédèméjì" dára bẹ́ẹ̀. N kò rí àléébù kankan lára wọn.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ yín. Àléébù wà lára méjèèjì, ti ẹ̀kejì sì burú.

Ẹ wò bí ènìyàn ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù: kò sámì, kò sí ìlà lábẹ́. "Agbédèméjì" di "agbedemeji", òǹkàwé á sì kà á sí "agbedeméjì". Òṣìṣẹ́ tó yege ìdánwò èdè wá di òṣìṣẹ́ tó dúró sí ìdajì ọ̀nà. "Elédèméjì" láìsí àmì ńkọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni. Ẹ fojú inú wo àkọlé ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà.

Ká tiẹ̀ fàmì sí wọn dáadáa, ìtumọ̀ wọn ṣì fẹjú jù. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Cree, èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Kánádà, gbọ́ èdè méjì. Ẹni tó gbọ́ Faransé àti Yorùbá náà gbọ́ méjì. Kò sí èyí tí wọ́n máa san 800 dọ́là lọ́dún fún nínú wọn, àjẹmọ́nú èdè tó ti wà lójú kan náà láti 1977. Òfin 2019 lórí èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kò sọ Cree di àfàṣẹsí fún ìjọba àpapọ̀. Ohun tí Kánádà ń sọ kì í ṣe "méjì", "méjèèjì" ni: méjì tí gbogbo wa ti mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ìyàtọ̀ yìí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, a ní in, kí la wá ń fi pamọ́ sí? "Agbédè-méjèèjì" fún ènìyàn, "ipò èdè méjèèjì" fún ipò.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti ènìyàn àti ti ipò wà lọ́tọ̀ délẹ̀ o. Ipò ni òfin dì lẹ́rù. Ọ̀gá ló ń yẹ iṣẹ́ inú ipò wò kó tó polówó rẹ̀, kó pinnu ìpele tí iṣẹ́ náà gbà. Kò gbọdọ̀ fi lélẹ̀ bí iṣẹ́ kò bá béèrè rẹ̀, kò sì yẹ kó kàn da BBB kọ láti inú ìpolówó àtijọ́. Àwọn ipò mìíràn wà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tàbí Faransé nìkan, tàbí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń rú atúmọ̀ lójú: "èyíkéyìí" gba ẹni tó gbọ́ ẹyọ kan. Ará ìlú ní tiẹ̀, kò ru nǹkan kan. Torí kó lè máa sọ èdè kan ṣoṣo nìjọba ṣe ń kọ́ méjì. Nítorí náà "ìlò èdè méjì lẹ́nu iṣẹ́" kò lè túmọ̀ sí pé gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ méjì.

Ọ̀kan kù. Ọjọ́bọ̀ kejì Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣàyẹyẹ pé èdè méjì ló jọ ró orílẹ̀-èdè náà. Ṣé a lè pè é ní Ọjọ́ Èdè Ìbejì?

*

Àbúrò, mo gbà ti "méjèèjì". N kò rò ó débẹ̀, ó sì sàn ju tèmi lọ.

Ìbejì ni mi ò lè gbà. Táíwò ló kọ́kọ́ wáyé, Kẹ́hìndé là ń pè lẹ́gbọ̀n. Kò sí bí a ṣe fẹ́ pe ìbejì tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò ní í wọ̀ ọ́. Ìwé òfin Kánádà ti 1982, ìpín 16, sọ pé dọ́gbadọ́gba ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ẹ pè é ní Ọjọ́ Èdè Méjèèjì.

Fún ẹni tó ń túmọ̀: ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ ti kọ "èdè kejì" sí nínú ìwé náà. Bí ẹ bá fi ń pe Faransé níbi gbogbo, ó ti ṣì. Fún ẹni tó fi Faransé dàgbà, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kejì tí wọ́n ń dán an wò lórí rẹ̀. "Èdè ìkejì" ló wù mí, bí a ṣe ń pe ẹnìkejì ẹni ní ìkejì, kó má baà dún bí èdè onípò kejì. Ẹ fi àwọn gbólóhùn náà ránṣẹ́ ká rí bó ṣe jókòó sínú wọn.