Àǹtí mi tó ń lo wíìlìṣíà fẹ́ ṣe snorkeling o

ỌmọSúrùlérè: Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí níyànjú jàre. Àǹtí mi ti ń lo wíìlìṣíà látìgbà tí wọ́n ti ní àksídẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn le dáadáa, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ ṣe snorkeling, ìyẹn kí wọ́n léfòó lójú omi, kí wọ́n fi ọ̀pá mí látẹnu, kí wọ́n máa wo ẹja lábẹ́ omi, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Ṣé Tarkwa Bay, etíkun Èkó yẹn, ò lè ṣe é?

ÌyáYaba: Tarkwa Bay kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ rí nínú omi dúdú yẹn? Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, yanrìn á sì gbé taya yẹn mì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ Òkun Pupa ní Íjíbítì, omi ibẹ̀ mọ́ gaara, iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ ju ti òkun tiwa lọ, ó máa ń gbé èèyàn léfòó.

FísíòÌkẹjà: Ẹsẹ̀ kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, ọwọ́ àti èémí ni. Ẹ bi dókítà wọn kọ́kọ́, kí wọ́n fi swimming pool kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí látẹnu. Ẹsẹ̀ tí ò mọ nǹkan lára, iyùn inú òkun tó le bí òkúta lè ya á kí wọ́n má mọ̀, torí náà wetsuit (aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ wọ omi) tó bo ẹsẹ̀ délẹ̀ ni. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ ojú omi bóyá ó ní lift àbí àkàbà lásán, torí àtijáde nínú omi le ju àtiwọ̀ ọ́ lọ!

ÌyáYaba: Ẹ tún sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú pé wọ́n ń lo wíìlìṣíà, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú.

ỌmọSúrùlérè: Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí ti ń wá pool kiri báyìí.