«Aládàáni» kọ́ ni IEP: èsì lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ẹ dábàá fún àwọn ògbufọ̀ tó ń bá òbí Yorùbá jókòó ní ìpàdé ilé ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà: «ètò ẹ̀kọ́ aládàáni» fún IEP (Individualized Education Program, ètò ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé ń kọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ní ìpèníjà), «ìdánwò» fún wíwo ohun tí ọmọ nílò, tó máa ń ṣáájú rẹ̀, «ìfọwọ́sí» fún gbígbà tí òbí bá gbà, àti «àyíká aláìnídènà» fún ibi tí ọmọ yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè gbà bó ṣe wà.

Aládàáni kọ́kọ́. Ta ni yóò gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ilé ìwé olówó? Ohun tí òbí yóò béèrè ni pé èló ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni IDEA, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1975 lórúkọ mìíràn, pè é, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 3. Ìwé ni IEP. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ibi tí ọmọ bá ẹ̀kọ́ dé, ibi tó yẹ kó dé láàárín ọdún kan, iṣẹ́ tí ilé ìwé yóò ṣe fún un, ẹ̀ẹ̀melòó, ìṣẹ́jú mélòó, níbo. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé «ìkọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀», ilé ìwé ti jẹ ọmọ náà ní gbèsè nìyẹn.

Ẹnìkan ti dá «àgéfọ́mọ» lábàá, bí aṣọ tí télọ̀ gé fún ẹni. Ó dùn létí, àmọ́ ó tún lè dún bí ẹni pé wọ́n gé ẹ̀kọ́ ọmọ kù. Télọ̀ kì í sì í gé aṣọ láì kọ́kọ́ wọn ara oníbàárà. «Ètò ẹ̀kọ́ àwọ̀nṣe» ni mo fara mọ́. Ìwọ̀n ló ṣáájú, ìwọ̀n náà ló wà nínú rẹ̀, torí òfin ní góńgó ọdọọdún gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀n. «Yóò tẹ̀síwájú nínú ìwé kíkà» kì í ṣe góńgó. «Yóò ka ọ̀rọ̀ 90 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì ní ṣì ju 5 lọ» ni góńgó. (Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ o: àwọ̀nṣe, kì í ṣe àwòṣe.)

Ìdánwò ń fi yege tàbí fìdírẹmi sọ́kàn òbí, «àyẹ̀wò» sì ń gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn olùkọ́ wa ti ní «ìgbéléwọ̀n» lẹ́nu tipẹ́. Kí la tún ń wá? Ọjọ́ 60 ni òfin àpapọ̀ fún ilé ìwé láti parí rẹ̀, láti ọjọ́ tí òbí bá ti yọ̀ǹda, àfi níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti fi iye ọjọ́ tirẹ̀ lélẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń yọ ọmọ lẹ́nu, wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn kà á mọ́ àwọn tí ètò yìí wà fún.

Ìfọwọ́sí ló léwu jù. Lẹ́nu wa, ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan ti kọ orúkọ sí i, ó sì tún ti gbà á. Ní ìpàdé IEP, wọ́n sábà máa ń gbé ìwé kan káàkiri tó kàn jẹ́ ẹ̀rí pé èèyàn wá. Òbí tí a sọ fún pé «ẹ fọwọ́ sí i» yóò rò pé òun ti gba gbogbo rẹ̀, tàbí kó kọ̀ jálẹ̀ nítorí ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n: «ìbuwọ́lùwé» àti «ìyọ̀ǹda». Ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ pọn dandan kí ìgbéléwọ̀n àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn sì tún pọn dandan kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti ìṣáájú kò ká ti ìkejì. Ní àwọn ibòmíràn, ojú ìwé kan náà ni ìbuwọ́lùwé àti ìyọ̀ǹda wà, nítorí náà kí ògbufọ̀ béèrè èyí tó jẹ́ kó tó la ẹnu.

Àyíká aláìnídènà yóò mú kí òbí máa wo àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà. Ohun tí òfin ń sọ ni pé kí ọmọ wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi tó bá yẹ, kí wọ́n má sì yọ ọ́ níbẹ̀ àfi bí kíláàsì náà kò bá bá a mu pẹ̀lú gbogbo ìrànwọ́ tí wọ́n ṣe. «Ìwàláàárín-ẹgbẹ́» tó.

Ẹ ti gbàgbé ọ̀kan. Nǹkan méjì ni àwọn ògbufọ̀ ń pè ní «ìrànlọ́wọ́». Ọmọ tó ń ṣe ìbéèrè 20 kan náà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kàn fi ààbọ̀ àkókò kún tirẹ̀, «ìmúrọrùn» nìyẹn. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tí wọ́n ń fún ní iṣẹ́ kíláàsì kejì, «ìpààrọ̀ iṣẹ́» nìyẹn, ó sì lè kan irú ìwé ẹ̀rí tí yóò gbà nígbà tó bá jáde girama. Kò yẹ kí òbí gbọ́ méjèèjì lórúkọ kan.

Ní ti «abirùn» tí ẹ fi pe gbogbo ọmọ tí ètò yìí wà fún: ọ̀wọ́ ìpèníjà 13 ni òfin náà tò, akólòlò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sì wà níbẹ̀. Ẹ bá mi wá òbí tí yóò gbọ́ «abirùn» fún ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dìde kúrò ní ìpàdé.