Kọ̀ǹpútà mi ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, àṣé ohùn méjì ló ń ké

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹlòmíì tó bá ti rí irú ẹ̀ náà wá sọ tiẹ̀. Ojú ń tì mí díẹ̀ ṣá, torí owó tí mo fi ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ sétí.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lápá Ìbàdàn Gáréèjì níbẹ̀, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń tẹ ìwé, mo ń ṣe káàdì ìyàwó àti bánà òkú. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village n'Íkẹjà, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí, kò sì dà mí láàmú rí, àfi ìgbà tí ọyẹ́ mú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hùùù, hùùù. Mo ní kò sí ńkan, mo fi sílẹ̀. Nígbà tí Iléyá fi máa kù díẹ̀, ó ti di ẹ̀rọ ìlọta. Mi ò bù mọ́ ọn o. Ìyá kan gbé abọ́ ata àti tàtàṣé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní "ọmọ mi, èló lẹ ń lọ kọ́ńgò kan?" Mo ní mà, ìwé la ń tẹ̀ níbí. Ó wo inú ilé, ó wo ojú mi, ó ní kí wá ló ń ké yẹn?

Ẹ sì mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí tí Ojúde Ọba bá ti ń bọ̀, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń wá ṣe bánà, tẹgbẹ́ yìí fẹ́ káàdì, tẹgbẹ́ yẹn fẹ́ kí n to fọ́tò àwọn sójú kan, gbogbo wọn ló ń kánjú, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ "ẹ fún mi dọ̀la." Tí mo bá ṣí CorelDraw tí mo fi ń ya iṣẹ́ báyìí, ariwo yẹn á gbéra sọ, tí kọ́sítọ́mà bá sì pè mí lórí fóònù, àfi kí n jáde síta kí n tó gbọ́ ohun tó ń wí.

Mo wá pe ẹnì kan tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò tíì wọlé dáadáa, ó ní "ẹ̀gbọ́n, power pack yín ló ti lọ." (Ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà.) Mo ní ṣé o ò ní tú u wò ni? Ó ní ariwo tí òun gbọ́ yẹn, òun mọ̀ ọ́n. Bá a ṣe ra power pack nìyẹn. Ó gbé kọ̀ǹpútà dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó tan án, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn, mo sanwó iṣẹ́, mo tún fún un lówó mọ́tò. Ọjọ́ kejì mo gbé e nàró pada sí ìsàlẹ̀ tábìlì níbi tó máa ń wà, mo tan án, kẹrẹkẹrẹkẹrẹ. Ariwo ti dé o.

Mo pè é, ó ní ó máa jẹ́ fáànù orí prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), kí n lọ wá owó ẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú ti gbéra lára mi, mo ní rárá o, èmi fúnra mi ni n óò tú u.

Ọjọ́ Sunday ni, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé nígbà tí mo jókòó tì í tí mo kàn ń gbọ́ ọ, láìṣe iṣẹ́ kankan, mo rí i pé kì í ṣe ariwo kan. Méjì ni! Èyí tó ń ṣe kẹrẹkẹrẹ, àárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ló máa ń ké, tó bá fi máa tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti dákẹ́. Èyí tó ń ṣe hùùù, tiẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó dìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fún ẹni tó tún un ṣe pé "ó ń pariwo," ohùn àwọn méjèèjì ni mo ti pò pọ̀ mọ́ra wọn.

Mo tú sìkúrù méjì tó wà lẹ́yìn, mo fa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kúrò, mo tan án báyìí ní ìhòòhò. Mo mú páálí tó máa ń wà láàárín tíṣù tá a bá ti lò ó tán, mo fi kọ́ etí, mo ń na ẹnu ẹ̀ kejì sí fáànù kọ̀ọ̀kan bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ẹ dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Kẹrẹkẹrẹ yẹn, fáànù kékeré tó wà lẹ́yìn ló ti ń wá, èyí tó ń fẹ́ ooru síta. Kó lè dá mi lójú, mo mú pẹ́ńsù tó ní rọ́bà nídìí, mo fi rọ́bà yẹn rọra tẹ àárín fáànù náà gangan, ibi tí sítíkà wà, kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ o, fún bíi sẹ́kọ́ọ̀ǹdù méjì. Ariwo dákẹ́ wàì. Mo yọ pẹ́ńsù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Fáànù tí bíárìn ẹ̀ (ibi tó ti ń yí) ti gbẹ báyìí, bó o bá ṣe gbé e ló ṣe máa ké, ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n dá a dùbúlẹ̀. Power pack tuntun ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán ti pẹ́ńsù yẹn wò lára power pack. Ẹ má tiẹ̀ tú u rárá, torí tẹ́ ẹ bá yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára iná gan-an, iná ṣì máa ń wà nínú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè gbé èèyàn.)

Ó wá ku hùùù. Mo pa á, mo yọ wáyà, mo tẹ bọ́tìnnì tá a fi ń tan án kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè tán, mo fọwọ́ kan irin ara ẹ̀, mo wá tú fáànù orí prósẹ́sọ̀. Yé! Láàárín fáànù yẹn àti irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀, eruku ti di aṣọ. Mo fi ìka méjì mú un létí kan, mo fà á, odindi ló ká kúrò bí awọ pọ̀nmọ́, ó nípọn, ó dúdú, irun orí wà nínú ẹ̀, bébà tó já wà nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò ráyè kọjá, prósẹ́sọ̀ ń gbóná, fáànù ń sáré kó lè tù ú, kò sì rí i tù. Hùùù tí mò ń gbọ́ nìyẹn, fáànù tó ń sáré lásán. Thermal paste (ohun bí ọ̀rá tó ń gbé ooru bọ́ sára irin yẹn) tó wà lórí prósẹ́sọ̀ náà ti gbẹ bí ẹfun, mo fi èékánná kàn án, ó ń bó.

Mo gbé e bọ́ síta, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí ò tíì kan ọ̀dà gbọn ọ́n, mo yá bíláwà lọ́wọ́ ọ̀gá kan ládùúgbò, mo fẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ, ẹ fọwọ́ di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú, kó má yí, tó bá ń sáré àsápajúdé lábẹ́ bíláwà ẹ máa bà á jẹ́. Mo fi òwú àti sípírítì nu paste àtijọ́ kúrò, mo kán tuntun sí i, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, mo dè é pa dà. Kí n tó ṣe é, HWMonitor, ètò tó ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe gbóná tó, fi 88 (ní Celsius) hàn mí nígbà tí CorelDraw nìkan wà ní ṣíṣí. Lẹ́yìn ẹ̀, 54. Mo tún wò ó torí mi ò gbà á gbọ́.

Fáànù ẹ̀yìn, mo yọ ọ́ (80 mílímítà ni, 12 volt, ẹnu wáyà ẹ̀ ní ihò mẹ́ta), mo ṣí sítíkà ẹ̀yìn ẹ̀, mo kán òróró máṣíìnì ìránṣọ ẹyọ kan péré sí i, télọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló fún mi. Ó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, kí n má parọ́ fún yín. Mo wá ra tuntun, owó ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá owó power pack. Òróró yẹn kàn ń fi ọjọ́ kún ọjọ́ ni.

Ẹ̀yin náà, ẹ gbé tiyín wá.

*

Èmi rèé láti Sàgámù, iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ tèmi ò pa mí lẹ́rìn-ín o. Tèmi ò hó bíi tiyín, tí... tí... tí ló ń ṣe, bí ìgbà tèèyàn ń fi èékánná kan tábìlì, á dákẹ́, gbogbo ẹ̀ á dúró gbagidi fún ìgbà díẹ̀, á tún máa lọ. Ọkọ mi ní fáànù ni, ó ní àwọn máa gbé e lọ fọ̀ tó bá di ìparí oṣù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, hard disk ni, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí! Nǹkan tó ń yí nínú ẹ̀ yẹn, ìgbà 7,200 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń ka nǹkan lórí ẹ̀ ló ń wá ibi tó fẹ́ kà tí kò rí i, tó ń padà sẹ́yìn, tó tún ń wá a. Àbúrò mi tó ń kàwé ló bá mi fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ara hard disk wò, sí i, ló bá gbé àwọ̀ yẹ́lò jáde, ó kọ Caution síbẹ̀. Ó ní kí n má tiẹ̀ pa á, kí n máa kó nǹkan kúrò nísinsìnyí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó o, ṣùgbọ́n àwọn ìgbéyàwó tó tóbi ni mo kọ́kọ́ mú torí wọn ò tíì sanwó tán, mo ní fọ́tò ilé tèmi lè dúró. NÉPÀ múná lọ ní nǹkan bí aago méjìlá òru. Nígbà tí iná dé, kò tan mọ́.

Ọjọ́ tá a sin ìyá mi wà nínú ẹ̀. Èyí tó wà lórí fóònù àwọn ẹbí nìkan ló kù.

SSD ni mò ń lò báyìí, kò ní ohun tó ń yí nínú, kì í dún rárá. Mo sì ní méjì míì tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà, tí mò ń da nǹkan sí. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń fi páálí tíṣù gbọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti hard disk, kó tó kan fáànù. Fáànù lè dúró dọ̀la.

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ ti màmá o, Ọlọ́run á tù yín nínú.

Tèmi kúrú. Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọńlé ló wọ inú ẹ̀. Gbà! ni mo gbọ́ lálẹ́, ó wá ń ṣe pàpàpàpà, òórùn nǹkan tó ń jóná tẹ̀ lé e. Mo tú u láàárọ̀, ọmọńlé ti há sí fáànù. Àyè tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà tí mo yọ káàdì kan ló gbà wọlé. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń dí àyè yẹn, tá a máa ń jù nù, ẹ má jù ú nù mọ́.

*

Mo wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀rẹ́ mi bá mi fi RAM (mémórì) kún tèmi, láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe tẹtẹtẹtẹ, mo sì ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo bá ti gbá a ó máa ń dákẹ́, mo wá sọ ọ́ di àṣà, bí mo bá jí mo máa gbá a. Wáyà ló dà sẹ́nu fáànù. Wáyà! Mo fi okùn ike so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Nígbà tí mo ka ti àǹtí Sàgámù yìí ni àyà mi já, pé hard disk ń yí nínú ẹ̀ ní gbogbo àkókò tí mò ń gbá a yẹn.

*

Èmi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Àǹtí Sàgámù, ẹ pẹ̀lẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo lọ wo tèmi lánàá nítorí ohun tẹ́ ẹ kọ, àwọ̀ búlúù ló wà níbẹ̀, ó kọ Good, mo sì ti ra èyí tí mo fẹ́ máa da iṣẹ́ sí.

Àwọn tó ń béèrè bóyá òróró ìsebẹ̀ lè ṣe é: kò lè ṣe é o, á dì, á kó eruku jọ, á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ní tòun kì í hó, kì í ké, pé ó kàn ń gbọ̀n zẹ̀ẹ̀ẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí sìkúrù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti dẹ̀, ẹ fún un. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo tún un ṣe tán, mo gé sílípáàsì àtijọ́ kan sí ọ̀nà mẹ́rin, mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó gbọ́.

Power pack àtijọ́ tí wọ́n yọ yẹn ṣì ń bẹ nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti dán an wò, koko ni. Ẹni tó bá nílò ẹ̀, ẹ wá wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ o.